Rọ́ọ̀mù Ọsirélíà dára, rírí rẹ̀ rà ni wàhálà

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ọtí ní ìpínlẹ̀ Queensland, béárì funfun ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹranko ilẹ̀ yìnyín ni, kò sí irú rẹ̀ nínú igbó Ọsirélíà kankan, àmọ́ láti ọdún 1961 ni wọ́n ti ń fi ṣe àmì Bundaberg, rọ́ọ̀mù (ọtí líle tí wọ́n ń fi ìrèké pọn) inú ìgò onígun mẹ́rin tí gbogbo ìlú ń pè ní Bundy. Béárì yìí á gba ibi tó pọ̀ jù lórí pẹpẹ, àwọn rọ́ọ̀mù tí wọ́n kó wá láti erékùṣù Caribbean á pín èyí tó kù. Bí ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ lè rí ìgò rọ́ọ̀mù Beenleigh kan tàbí méjì tí eruku ti bò lọ́rùn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Rọ́ọ̀mù tó dára wà ní ilẹ̀ yìí, ó tiẹ̀ dára ju bí àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn ṣe rò ó sí lọ. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó rí èyí tó dára gan-an rà, ojú rẹ̀ á rí nǹkan.

Tírélà ni mò ń wà, láti Brisbane lọ sí Cairns, kí n tún padà. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Bruce Highway mọ ohun tí mò ń sọ: bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ìhà Bundaberg títí dé Mackay, Ingham àti Innisfail, oko ìrèké ni lọ́tùn-ún, oko ìrèké ni lósì. Nígbà ìkórè, láti nǹkan bí oṣù Júùnù títí ọdún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọkọ̀ ojú irin kéékèèké tó ń kó ìrèké á dá wa dúró lójú títì, iná pupa á máa ṣẹ́jú, gbogbo wa á sì jókòó máa wò ó bó ṣe ń wọ́ kọjá. Òórùn ilé iṣẹ́ ṣúgà á wọnú ọkọ̀ bí wíńdò tiẹ̀ wà ní títì. Kò sí bí èèyàn á ṣe máa la àárín ìrèké kọjá bẹ́ẹ̀ tí kò ní fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Òfin Queensland kò gbà kí awakọ̀ ńlá ní ẹ̀kán ọtí kan ṣoṣo lára, òdo ni òdo ń jẹ́. Ìgò tí mo bá rà lójú ọ̀nà, mo máa ń fi táwẹ̀ẹ̀lì wé e ni, ó di ilé, ó di ọjọ́ ìsinmi kí n tó ṣí i.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí Bundy, torí ẹni tí kò bá mọ Bundy kò tíì lè dá sí ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀mù níbí. Láti ọdún 1888 ni wọ́n ti ń pọn ọtí yìí nílùú Bundaberg. Ìṣòro àwọn onílé iṣẹ́ ṣúgà ìgbà náà ni pé bí wọ́n bá ti yọ ṣúgà tán lára oje ìrèké, omi dúdú kan tó ki máa ń ṣẹ́kù, òun ni wọ́n ń pè ní molasses. Ó pọ̀ débi pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n á dà á sí. Wọ́n bá kó owó jọ, wọ́n dá ilé ìpọntí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà Millaquin, ohun tí wọ́n fẹ́ dànù wá di owó. Iná jó ibẹ̀ ní ọdún 1907, ó tún jó o ní 1936. Ti 1936 yẹn ni wọ́n ṣì fi ń ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní, pé rọ́ọ̀mù ṣàn wọnú odò Burnett, gbogbo ẹja sì mutí yó. Láti ọdún 2000, Diageo tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní London ló ni béárì yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Bundaberg kí inú ẹ̀ má bàjẹ́.

Ìgò tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní Underproof, UP. Ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọtí inú rẹ̀, òfin ilẹ̀ yìí kò sì gbà kí wọ́n pe ohun tó bá rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní rọ́ọ̀mù. Ẹ dà á sínú gíláàsì, kí ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ṣúgà tó jóná ló máa kọ́kọ́ lu yín nímú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan báyìí á yọ, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ìṣáná. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i nílé, ìyàwó mi pariwo láti yàrá:

“Bàbá Tèmi, ṣé gáàsì ló ń jò ni?”

Mo ní rárá o, ọtí ni mo ṣí.

“Ọtí wo ló ń rùn báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé.”

Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ká sòótọ́, kì í ṣe ọtí tí èèyàn ń mu lóun nìkan. Ó máa ń ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun, adùn rẹ̀ kì í sì í dúró, bó bá ti kọjá báyìí, ìkorò díẹ̀ ló kù lórí ahọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fi yìnyín kún gíláàsì, ẹ da Coke lé e, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, nǹkan mìíràn ló máa dà. Òórùn ìṣáná yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí Coke bò ó mọ́lẹ̀. Rọ́ọ̀mù tó rọ̀ tó sì dùn ju Bundy lọ, bí ẹ bá da Coke lé e, Coke nìkan lẹ máa gbọ́. Mo wá mọ ìdí tí àwọn ọmọ Queensland kì í fi í pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti lé lógójì ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ fún yín pé àwọn mu ún yó ní kékeré, àwọn ò sì lè gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́ láyé. Àwọn yòókù kò jẹ́ mu nǹkan mìíràn. N kò tíì rí ẹni tó wà láàárín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó le, Overproof, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 57.7 nínú ọgọ́rùn-ún, dára ju òun lọ lójú tèmi. Ẹ lè rò pé bó ṣe le yẹn ni yóò máa jó èèyàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kán omi díẹ̀ sí i, adùn á ṣí jáde: fàníílà, ṣúgà dúdú, igi óákù. Ara ló kún. UP dà bíi pé omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Bí ẹ bá fẹ́ da ohun mímu atalẹ̀ lé e, Overproof ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ níbí pé ohun mímu atalẹ̀ Bundaberg inú ìgò kúkúrú yẹn, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ń ṣe é. Ìlú kan náà ni wọ́n ti wá, orúkọ ìlú ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ti ń gbé ibí pẹ́ kò ṣe mọ̀.

Bundy tún ní àwọn ìgò olówó ńlá tí wọ́n ń pè ní Master Distillers' Collection. Mo ti tọ́ díẹ̀ wò nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan níbi iṣẹ́. Wọ́n dára, òórùn ìṣáná yẹn ti rọlẹ̀ pátápátá, igi àgbá sì hàn nínú rẹ̀. Ìjà tèmi pẹ̀lú wọn ni pé àwọn olùkójọ ló ń rà wọ́n. Bí wọ́n bá gbé èyí tí kò pọ̀ jáde báyìí, àwọn èèyàn á ti tò kalẹ̀, wọ́n á rà á, wọ́n á gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, wọn ò sì ní ṣí i láéláé. Ọtí tí a kì í mu, kí la fẹ́ kọ nípa rẹ̀?

Kí n tó kúrò níbẹ̀, òfin kan wà tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra rọ́ọ̀mù níbí mọ̀. Láti ọdún 1906 ni òfin Ọsirélíà ti sọ pé wíìsìkì, brandy àti rọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ lo ọdún méjì, ó kéré tán, nínú àgbá igi kí wọ́n tó lè jẹ́ orúkọ yẹn. Nítorí náà, rọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n bá ṣe níbí, ó ti wọ igi rí, wọ́n sẹ́ àwọ̀ rẹ̀ kúrò ni. Èyí tí kò bá sì wọ igi rárá, wọn kò gbọ́dọ̀ kọ rọ́ọ̀mù sára ìgò rẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ìrèké gidi ni wọ́n fi pọn ún. Ọ̀pọ̀ ìgò tó dára ni èèyàn máa ń fò dá torí pé kò rí orúkọ tó ń wá lára wọn. Òfin yìí tún ń ni àwọn onílé ìpọntí kékeré lára. Ẹni tó yá owó dá ilé ìpọntí sílẹ̀ lónìí kò lè ta rọ́ọ̀mù kankan títí ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ owó ilé ń lọ, owó iná ń lọ. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi ń kọ́kọ́ ta jíìnì.

Ó kan Beenleigh wàyí, òun sì ni mo fẹ́ dúró tì.

Apá gúúsù Brisbane ni Beenleigh wà, kò tó 40 kìlómítà sí àárín ìlú. Ilé ìpọntí náà ti wà lẹ́bàá odò Albert láti ọdún 1884, ìyẹn ni pé ó dàgbà ju Bundy lọ. Wọ́n ní ìtàn kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tó ń jẹ́ Walrus, ilé iṣẹ́ ṣúgà ni wọ́n kọ́ sínú rẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀ lórí odò Albert àti odò Logan, ó ń bá àwọn àgbẹ̀ etí odò lọ ìrèké wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1869, wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ kó máa pọn rọ́ọ̀mù pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba gba ìwé àṣẹ náà padà, wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bosun, ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní bòókẹ́lẹ́, títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ sí Beenleigh, tí ìkòkò ìpọntí inú rẹ̀ sì di ti ilé ìpọntí tó wà níbẹ̀. Bóyá gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ tàbí wọ́n fi iyọ̀ sí i, ìtàn tó yẹ rọ́ọ̀mù ni.

Beenleigh dúdú ọlọ́dún márùn-ún ni ìgò tí kì í tán nílé mi. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo. Bí ẹ bá yí gíláàsì, ó máa ń rọra wá sílẹ̀ lára rẹ̀, kì í sáré. Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dáadáa ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fàníílà àti ṣúgà tí wọ́n yọ́ lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni òórùn bíi ti fáníìṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kun àga wà níbẹ̀ lẹ́yìn-lẹ́yìn. Kí ti fáníìṣì yẹn má bà yín lẹ́rù, òun ló fi hàn pé rọ́ọ̀mù ni kì í ṣe omi ṣúgà. Lẹ́nu, ó rọ̀. Ó ń gbóná wọ àyà láì ta èèyàn, adùn rẹ̀ á sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Èmi kì í fi ohunkóhun sí i ju yìnyín ẹyọ kan lọ. Bàbá Tèmi tí wọ́n lé lọ sẹ́yìnkùlé níjelòó, inú pálọ̀ ló ti ń mu èyí. Owó rẹ̀ kò sì ju ti Bundy lọ ní ohun tí èèyàn á fi ké.

Bó ṣe dùn tó yìí, ẹ máa ń wá a tì. Ṣọ́ọ̀bù kan á ní in lóṣù yìí, lóṣù tó ń bọ̀ wọn ò ní í ní in mọ́. Mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ pé ìrìn iṣẹ́jú díẹ̀ ni látibẹ̀ dé ibi tí ìrèké ti ń hù, ọmọkùnrin tó wà nídìí kántà ní òun kò gbọ́ orúkọ Beenleigh rí. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná. Ohun tó wá burú jù ni pé Beenleigh ń ta ọtí rẹ̀ ní àgbá-àgbá fún àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù tí ń ra rọ́ọ̀mù káàkiri ayé, tí wọ́n á tún un rọ sínú ìgò tiwọn. Èyí tó ti lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àgbá, tí wọn kò bu omi là, àwọn ará Jámánì ń rí i rà. Àwa tí a wà ní tòsí ilé ìpọntí yẹn, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ òórùn rẹ̀, ọlọ́dún márùn-ún la rí, ìyẹn náà ní ìsàlẹ̀ pẹpẹ. Aládùúgbò wa kan tó ti Hamburg dé fi àwòrán ìgò kan hàn mí lórí fóònù: Beenleigh ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà, owó euro ni wọ́n fi lé e. Mo wò ó títí.

Ilé ìpọntí kan náà ló ń ṣe Inner Circle báyìí. Tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ ṣúgà CSR ló ń pọn ọ́n, níbẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í tà á fún aráàlú lásán: àwọn ọ̀gá àti àwọn àlejò pàtàkì ló wà fún, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, tó túmọ̀ sí agbo àwọn tó sún mọ́ni jù, ti jáde. Wọ́n pa á tì fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó tún jí padà. Àmì róbótó ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: pupa jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọ̀ ewé jẹ́ 57.2, dúdú sì lọ dé 75.9. Ti àwọ̀ ewé ni kí ẹ wá. Ó le, àmọ́ ó mọ́ lẹ́nu. Ata díẹ̀, oyin díẹ̀, igi tó gbẹ, kò sí ìṣáná kankan. Bí ẹ bá fi omi là á ní ìdajì, adùn rẹ̀ ṣì hàn ju ti àwọn mìíràn tí ẹ mu lógidi lọ. Ti dúdú yẹn, ẹ má tiẹ̀ rò ó pé ẹ máa gbé e wọ bàálù, nítorí ọtí tó bá ti ju ìdá 70 lọ kì í wọ ọkọ̀ òfuurufú. Èyí tó bá wà láàárín 24 sí 70, lítà márùn-ún ni wọ́n fún ẹnì kan láyè.

Àwọn ilé ìpọntí kékeré wá ń bẹ, àwọn tí ìgò wọn kì í pọ̀. Ọ̀kan tí mo lè fi orí mi dúró fún ni Husk, ní Tumbulgum, létí àfonífojì Tweed, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ààlà Queensland wọ New South Wales. Àwọn kì í lo molasses. Inú oko tiwọn ni wọ́n ti ń gé ìrèké, wọ́n á fún oje rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì pọn oje tútù yẹn, bí àwọn ará erékùṣù Martinique ní Caribbean ṣe ń ṣe é. Oje ìrèké kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bó bá pẹ́ díẹ̀ ó ti kan, nítorí náà ìgbà ìkórè nìkan ni wọ́n lè ṣe é. Molasses ní tirẹ̀ ṣeé kó pamọ́ sínú kànga ńlá, kí wọ́n máa bù ú lò yíká ọdún. Ẹ lè wá rí ìdí tí tibí yìí fi wọ́n. Èyí tí kò wọ àgbá nínú tiwọn, Pure Cane ni wọ́n kọ sí i lára, nítorí òfin ọdún méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mu ún, mo gbé gíláàsì sílẹ̀, mo tún gbé e. Koríko tútù ni. Ìrèké gan-an ni, irú èyí tí èèyàn fi eyín bó, tí oje rẹ̀ ń ṣàn gba ìgúnpá, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ níparí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn rọ́ọ̀mù dúdú tó dùn kò ní fẹ́ràn èyí rárá. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Melbourne tọ́ ọ wò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fún mi mu yìí, àgbo?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí òótọ́, àmọ́ èmi fẹ́ràn àgbo yẹn.

Melbourne tí mo dárúkọ, wọ́n ní tiwọn níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá lè wa mọ́tò dé Dromana, níbi tí JimmyRum wà. Ìrèké kì í hù ní Victoria, ìpínlẹ̀ tí Melbourne wà, torí náà wọ́n ní láti gbé molasses wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọtí tó mọ́ tónítóní ni, bóyá ó tiẹ̀ mọ́ jù fún èmi tí Queensland ti bà lẹ́nu jẹ́.

Ilé ìpọntí Hoochery ńkọ́? Kununurra ni wọ́n wà, lẹ́bàá odò Ord, ní òkè lọ́hùn-ún ní Western Australia, láti ọdún 1995. Láti Perth tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ wọn, ó ju 3,000 kìlómítà lọ lójú títì. Awakọ̀ bíi tèmi kan ló fi ìgò kan ránṣẹ́ sí mi láti ibẹ̀. Ooru ibẹ̀ hàn nínú ọtí náà, igi ti wọ inú rẹ̀ gan-an, ó dúdú, ó gbẹ, ó ń jẹ́ kí èèyàn wá omi. N kò rí i ní ṣọ́ọ̀bù kankan ní Brisbane rí.

Ọ̀rọ̀ owó kò ní jẹ́ kí n sùn bí mi ò bá sọ ọ́. Ìjọba àpapọ̀ kì í wo bí ìgò ṣe tóbi, bí ọtí inú rẹ̀ ṣe le tó ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó bu owó orí lé e. Lítà kan ọtí pọ́ńbélé ti lé ní 100 dọ́là owó orí báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ tuntun bí ọjà bá ṣe gbówó lórí sí, ní oṣù Fẹ́búárì àti oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí ìgò Bundy UP, mìlílítà 700. Ìdá 37 nínú rẹ̀ jẹ́ mìlílítà 259, ó já sí pé ohun tó lé ní dọ́là 26 nínú owó tí ẹ san, ìjọba ló ni ín. Ti Overproof lé ní 40 dọ́là. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tún fi GST, owó orí ọjà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, lé gbogbo rẹ̀ lórí. Nítorí náà bí ẹ bá rí ìgò UP ní bíi 50 dọ́là, kí ẹ mọ̀ pé ìgò, ìdérí, àwòrán béárì, ọkọ̀ tó gbé e, èrè ṣọ́ọ̀bù, àti rọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ló ń pín ohun tó kù. Wọ́n ní ìjọba ń dá owó orí padà fún àwọn ilé ìpọntí, tó gòkè dé 350,000 dọ́là lọ́dún ní 2021, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn kékeré lè mí. Síbẹ̀, ìgò wọn máa ń wọ́n ju ti Bundy lọ dáadáa.

Ní ti ibi tí ẹ ti lè rà á, ní Queensland, ẹ má wá ọtí líle lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì, wọn kì í tà á níbẹ̀. Ìwé àṣẹ hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ọtí, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ra hòtẹ́ẹ̀lì kiri. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ọtí, Dan Murphy's ni pẹpẹ rẹ̀ gùn jù, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò fún Beenleigh àti Inner Circle, kí ẹ sì wo orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kí ẹ tó jáde nílé, torí ó máa ń sọ ẹ̀ka tí ìgò wà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí ẹnì kan ṣoṣo ni ni kí ẹ wá lọ fún Husk àti irú wọn. Ẹni tó ni irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó máa bá yín gbé e wá.

Ríra lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, ẹ fi sùúrù ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ gba owó Inner Circle lọ́wọ́ mi, ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí wọ́n tó kọ̀wé pé kò sí mọ́, wọ́n sì ní ṣé kí wọ́n fi Bundy rọ́pò rẹ̀. Ṣé èyí tí mo ń sá fún ni wọ́n fẹ́ gbé wá bá mi nílé? Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Ẹ sì rántí pé ẹni tó ti pé ọdún 18 ló yẹ kó wà nílé láti gbà á, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí mo ń wà lójú títì nígbà gbogbo, ìgò mi ti lọ ó ti bọ̀ rí.

Ẹni tó bá ń ti òkè òkun bọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbé ọtí lítà 2.25 wọlé láì san owó orí, àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Nítorí náà bí ará ilé yín bá fẹ́ wálé, ẹ ní kó wo ṣọ́ọ̀bù pápákọ̀ òfuurufú tó wà níbi tí wọ́n ń gbà wọlé. Bundy kì í ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀. Ní òde Ọsirélíà, yàtọ̀ sí New Zealand, ẹ má fi ọkàn sí i pé ẹ máa rí i.

Èyí tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n. Bundaberg ń gba àlejò, ẹ máa rí kànga molasses tí òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Beenleigh náà ń gba àlejò, kò sì sí eruku lára ìgò tibẹ̀. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ nílé o. Ọkọ̀ ojú irin láti àárín Brisbane ń dúró ní Beenleigh, 50 sẹ́ǹtì sì ni owó ọkọ̀ náà láti oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2024. Láti ibùdókọ̀ ẹ gbé taxi dé Eagleby, àdúgbò tí ilé ìpọntí náà wà, kò jìnnà. Ẹ ra méjì, torí bí ẹ bá dé ilé tí ẹ ṣí ọ̀kan, àwọn ará ilé á mu nínú rẹ̀.